Bí ẹ ṣe lè da òròmọdìẹ pọ̀ mọ́ àwọn àgbà adìẹ láìsí pé wọ́n ṣá wọn pa

Ẹ ra òròmọdìẹ mẹ́wàá. Ẹ fi iná mú ara wọn gbóná, ẹ ń jí lóru láti wò wọ́n, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé, ẹyọ kan kò kú. Ẹ wá dúró kí ilẹ̀ ṣú, ẹ rọra kó wọn wọlé àwọn àgbébọ̀ yín, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ lọ sùn. Ní ìdájí, ariwo ló jí yín. Ẹ dé ibẹ̀, ẹ bá ọ̀kan tí wọ́n ti ṣá lórí títí awọ fi bó. Òmíràn há sẹ́yìn abọ́ omi, ó ti gan.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí èmi náà nìyẹn lẹ́yìnkùlé wa ní Ilésà níbí. Àgbébọ̀ mọ́kànlá ni mo ní nígbà náà. Wọ́n ti sọ fún mi pé adìẹ kì í ríran lálẹ́, pé bí wọ́n bá jí tí wọ́n bá ara wọn lórí igi kan náà, wọ́n á rò pé àwọn ti jọ ń gbé tipẹ́. Òótọ́ ni pé adìẹ kì í ríran dáadáa nínú òkùnkùn. Àmọ́ bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ó mọ ojú gbogbo adìẹ tí wọ́n jọ ń gbé, ó mọ èyí tó ju òun lọ àti èyí tí òun jù lọ. Àlejò tó bá jí sáàárín wọn láì nípò kankan, gbogbo wọn ló máa gbé ipò ìsàlẹ̀ lé e lórí lẹ́ẹ̀kan náà, nínú ilé tóóró tí kò sí ibi tó lè sá sí.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́fà ni ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí máa gbà. Bí ẹ bá ń wá ọ̀nà ọjọ́ méjì, kò sí lọ́wọ́ mi. Tó bá sì jẹ́ pé adìẹ yín ló sàba tó pamọ fúnra rẹ̀, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu rárá. Ìyá wọn á kó wọn káàkiri, á jà fún wọn. Adìẹ tó ń tọ́mọ lọ́wọ́ kò mọ ẹni tó ju òun lọ. Àwọn ọmọ tí kò ní ìyá là ń sọ̀rọ̀ wọn.

Ohun tí ẹ máa kó sílẹ̀

Àwọ̀n wáyà ni olórí. Ihò rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ààbọ̀ íńṣì lọ. Àwọ̀n olóhò ńlá tí wọ́n sábà máa ń tà fún ọgbà adìẹ kò dára níbí, torí òròmọdìẹ á yọ orí síta, àgbébọ̀ á sì bá a níbẹ̀. Ejò àti asín náà lè gba inú rẹ̀ kọjá.

Pákó díẹ̀, ìṣó, òòlù, búlọ́ọ̀kù mẹ́rin tàbí márùn-ún. Páànù àlòkù kan fún òrùlé.

Abọ́ oúnjẹ mẹ́ta àti abọ́ omi mẹ́ta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kọ̀ọ̀kan tó gbogbo adìẹ yín. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Grower mash, ìyẹn oúnjẹ adìẹ tó ń dàgbà. Ìkarahun ìgbín tàbí ti ẹyin, kí ẹ sá a gbẹ, kí ẹ gún un wẹ́wẹ́.

Èérún pákó láti sọ́ọ̀mìlì, èyí tó nípọn, kì í ṣe èyí tó kúnná bí ìyẹ̀fun. Èyí tó kúnná máa ń wọ imú wọn, bí ó bá sì tutù, ó di ẹrẹ̀.

GV (gentian violet, oògùn egbò aláwọ̀ àlùkò) ìgò kékeré kan láti kẹ́míìsì, owú, àti iyọ̀.

Ẹ wo ààyè yín náà. Nínú ilé, àgbà adìẹ kan nílò ibi tó tó ẹsẹ̀ bàtà 2 ní ìbú àti ẹsẹ̀ bàtà 2 ní gígùn. Níta, ó kéré tán, ìlọ́po méjì ìyẹn. Ẹ ka àwọn tó wà nílẹ̀ mọ́ àwọn tó ń bọ̀. Bí ààyè náà kò bá tó, ẹ ta díẹ̀ tàbí kí ẹ pa díẹ̀ jẹ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Kò sí ọgbọ́n tó lè mú kí adìẹ ogún gbé ní àlàáfíà níbi tí mẹ́wàá ti há.

Ẹ má sì mú òròmọdìẹ kan ṣoṣo wọ agbo láéláé. Mẹ́ta ni mo máa ń kà sí ìbẹ̀rẹ̀, kí ìyà náà lè pín.

1. Ẹ rí i dájú pé wọ́n ti tó gbé síta

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n dáyé, ìwọ̀n ooru 32 sí 35 lórí ìdíwọ̀n Celsius ni òròmọdìẹ nílò. Lẹ́yìn náà, ẹ máa fi nǹkan bí 3 dín in kù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá fi máa pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìyẹ́ gidi ti bo ara wọn, wọn kò nílò gílóòbù tàbí ìkòkò èédú mọ́. Àmọ́ oṣù Keje ní Ilésà tutù, òru ọyẹ́ sì tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má ka ọjọ́ orí nìkan.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára wá ńkọ́? Lúkúlúkú ló ń pa adìẹ jù lẹ́yìnkùlé, ìgbà ọyẹ́ ló sì máa ń rin ìlú jù. Ẹ bi ẹni tó ta òròmọdìẹ fún yín pé èwo ni wọ́n ti gbà nínú ti lúkúlúkú, ti Gumboro àti ti ìgbóná adìẹ, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Tó bá ku Lasota, ìyẹn àjẹsára lúkúlúkú tí wọ́n ń pò mọ́ omi mímu, omi kànga tàbí omi òjò ni kẹ́ ẹ lò. Omi ẹ̀rọ tí wọ́n ti fi kẹ́míkà apakòkòrò sí máa ń pa àjẹsára náà sínú abọ́, ẹ ó kàn rò pé wọ́n ti gbà á ni. Ẹ gba omi kúrò lọ́dọ̀ wọn fún wákàtí kan tàbí méjì ṣáájú, kí òùngbẹ gbẹ wọ́n, kí wọ́n lè mu ún tán láàárín wákàtí méjì. Òwúrọ̀ kùtù ló dára jù, kí oòrùn tó mú.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣàṣìṣe nìyí: wọ́n á ra adìẹ lọ́jà, ì báà jẹ́ Ọjà Atákúmọ̀sà tàbí ọjà abúlé, wọ́n á kó o lọ tààrà sáàárín èyí tó wà nílé. Adìẹ ọjà ti bá adìẹ ilé ogún mìíràn jókòó nínú agbọ̀n kan náà. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni kó fi dá wà níbi tó jìnnà sí tiyín, pẹ̀lú abọ́ tirẹ̀. Láàárín ìgbà yẹn, adìẹ tó wà nílé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fún lóúnjẹ, kẹ́ ẹ tó lọ sọ́dọ̀ àlejò. Ẹ fọ ọwọ́, ẹ pààrọ̀ bàtà. Àrùn ń bá bàtà rìn.

Àyẹ̀wò: ẹ pa iná ooru fún òru mẹ́ta léraléra. Bí wọ́n bá tẹ́ ara wọn sílẹ̀ káàkiri tí wọ́n ń sùn, wọ́n ti tó. Bí wọ́n bá gun ara wọn lórí sí igun kan tí wọ́n ń ké, ẹ dá iná padà, ẹ dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

2. Ẹ yí oúnjẹ àwọn àgbà padà kí wọ́n tó pàdé

Ìpele yìí kò gùn, àmọ́ àwọn ènìyàn máa ń fò ó. Layer mash, ìyẹn oúnjẹ adìẹ tó ń yé, ní èròjà kálísíọ̀mù tó pọ̀ fún kíkọ́ èèpo ẹyin. Òròmọdìẹ tí kò tíì yé ẹyin kò rí ibi lò ó, kíndìnrín rẹ̀ ló máa ń bà jẹ́. Bí wọ́n bá sì ti jọ wà, kò sí bí ẹ ṣe lè sọ fún ọmọ pé kó má fẹnu kan abọ́ àgbà.

Torí náà, gbogbo ilé á máa jẹ grower mash. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan yí i padà, kí ẹ máa po tuntun mọ́ ti tẹ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ wá gbé ìkarahun tí ẹ gún sínú abọ́ ọ̀tọ̀. Èyí tó ń yé á lọ jẹ ẹ́. Èyí tí kò tíì yé kì í jẹ ẹ́ tó ohun tó lè pa á lára.

Àyẹ̀wò: lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ fọwọ́ tẹ ẹyin. Bí èèpo rẹ̀ bá ṣì le bíi ti tẹ́lẹ̀, ìkarahun náà tó. Bó bá ti ń fẹ́lẹ́, ẹ wo abọ́ ìkarahun, bóyá ó ti tán tàbí òjò ti rọ̀ sí i.

3. Kí wọ́n rí ara wọn, kí ẹnu má tó ara wọn

Òun ni gbogbo iṣẹ́ yìí. Ẹni tó bá ṣe ibí yìí dáadáa, ìyókù á rọrùn fún un.

Ní igun kan nínú ọgbà tí àwọn àgbà ń rìn, ẹ fi pákó àti àwọ̀n ṣe àgọ́ kékeré, kí ẹ fi páànù bò ó lókè nítorí òjò àti àṣá. Kì í ṣe inú ilé mìíràn, kì í ṣe ẹ̀yìn ògiri. Àwọn àgbà gbọ́dọ̀ lè wá síbi àwọ̀n náà kí wọ́n wò, kí wọ́n gbọ́ ohùn wọn, títí á fi sú wọn. Ẹ to búlọ́ọ̀kù sí ìsàlẹ̀ àwọ̀n yíká. Adìẹ a máa wa ilẹ̀, ìsàlẹ̀ yìí sì ni ejò ń gbà wọlé.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni ó kéré jù, mẹ́ta ló tẹ́ mi lọ́rùn. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, àwọn àgbà á máa fò mọ́ àwọ̀n, wọ́n á máa na ìyẹ́ ọrùn sókè. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Láti ọjọ́ kẹta, ẹ gbé abọ́ oúnjẹ àwọn àgbà sún mọ́ àwọ̀n lẹ́yìn, kẹ́ ẹ gbé ti àwọn ọmọ sún mọ́ ọn nínú, débi pé wọ́n á máa jẹun ní ìdojúkọ ara wọn pẹ̀lú wáyà láàárín.

Ìkìlọ̀ mẹ́ta. Èkíní, ìjàlọ. Ẹni tó ń gbé lẹ́bàá oko tàbí odò ní agbègbè wa mọ ohun tí mò ń wí: wọ́n á wọlé lóru lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òròmọdìẹ tó wà nínú àgọ́ kò sì ríbi sá gbà. Ẹ da eérú gbígbẹ yí àgọ́ ká, kí ẹ sì tún un dà bí òjò bá ti rọ̀. Ní àsìkò òjò, èmi máa ń kó wọn wọ inú páálí lọ sùn ní báńdà, màá tún kó wọn jáde láàárọ̀. Ó ní wàhálà, àmọ́ mo ti sin òròmọdìẹ mẹ́fà rí nítorí ìjàlọ òru kan.

Èkejì, ilẹ̀ tútù. Àwọn àgbà lè gbé kòkòrò ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ sínú láì ṣàìsàn, kí ọmọ tó wà nítòsí wọn kó o. Kí èérún pákó inú àgọ́ gbẹ nígbà gbogbo. Ẹ kó èyí tó bá rin dànù lọ́jọ́ kan náà, ní pàtàkì nídìí abọ́ omi. Bẹ́ ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, tí ọ̀kan sọ apá méjèèjì sílẹ̀ tó ń tòògbé, ẹ má dúró di ọ̀la. Amprolium ni wọ́n ń pò mọ́ omi fún un, ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Ẹ wá dókítà ẹran bí wọ́n bá ju ẹyọ kan lọ. Ìdàpọ̀ dúró ná títí ara wọn á fi yá.

Ẹ̀kẹta, ẹ má jẹ́ kí àánú àwọn ọmọ mú yín ṣílẹ̀kùn ní ọjọ́ kẹrin nítorí ẹ rí i pé gbogbo wọn dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ ọjọ́ kẹrin kì í ṣe àlàáfíà, ó rẹ̀ wọ́n ni.

Àyẹ̀wò: ẹ jókòó síbẹ̀ nígbà oúnjẹ àárọ̀. Bí àgbébọ̀ bá lè kẹ̀yìn sí àwọ̀n tó ń jẹun tirẹ̀, tí àwọn ọmọ sì lè dùbúlẹ̀ yáàrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀n láì sá, ó ti yá. Bí ẹyọ kan péré bá ṣì ń sá lé wọn lẹ́yìn wáyà, ẹ sàmì sí i. Òun lẹ máa gbọ́ orúkọ rẹ̀ ní ìpele karùn-ún.

4. Ẹ lu ihò àbáyọ

Àwọn ọmọ ti ń lọ sí ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án báyìí, wọ́n ṣì kéré sí àgbébọ̀. Ẹ lo kíkéré yẹn kó tó tán. Ẹ gé ihò méjì sí ìsàlẹ̀ àgọ́, ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ẹ̀gbẹ́, tí ọmọ lè gbà kọjá tí àgbébọ̀ kò lè gbà ju orí lọ. Nǹkan bí íńṣì 4 sí 5 ní gíga ló sábà máa ń jẹ́, àmọ́ adìẹ ìbílẹ̀ kéré sí Noiler, irú adìẹ ìgbàlódé kan tó tóbi, torí náà ẹ fi adìẹ yín gan-an wọ̀n ọ́n. Ẹ ṣẹ́ etí wáyà náà padà kó má baà gé wọn lára.

Kí ló dé tó fi jẹ́ méjì? Torí àgbébọ̀ ọlọ́gbọ́n kan á dúró sẹ́nu ihò kan bí ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè.

Oúnjẹ àti omi àwọn ọmọ ṣì wà nínú àgọ́. Ẹ má lé ẹnikẹ́ni jáde. Akíkanjú kan á kọ́kọ́ yọ orí, á jáde, wọ́n á lé e, á sá padà wọlé. Ẹ ó rẹ́rìn-ín. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, ìdajì wọn á ti máa jẹko níta. Ẹni tó bá fọwọ́ gbé wọn jáde kó tó yá wọn, ihò ni kò ní jẹ́ kí wọ́n mọ̀, nígbà tí ìjà bá sì dé, igun ọgbà ni wọ́n á sá lọ há sí.

Àyẹ̀wò: nígbà tí àgbébọ̀ bá sá lé ọmọ kan, ṣé ihò ló sá lọ tààrà? Bí gbogbo wọn bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ lójú yín ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, ẹ tẹ̀síwájú.

5. Ìpàdé gbangba

Ẹ yan ọjọ́ tí ẹ kò ní lọ síbì kan. Ní nǹkan bí agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ẹ ṣí ilẹ̀kùn àgọ́ gbayawu. Ìrọ̀lẹ́ dára torí òkùnkùn á wá la ìjà fún yín láìpẹ́. Ẹ fọ́n àgbàdo káàkiri ilẹ̀, kó má ṣe wà lójú kan. Ẹ so ìdì tẹ̀tẹ̀ tàbí gbúre méjì mẹ́ta rọ̀ ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ibi. Abọ́ oúnjẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti abọ́ omi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jìnnà síra, kí àgbébọ̀ kan má baà lè jẹ gàba lé gbogbo rẹ̀ lórí. Ẹ fi páálí òfìfo àti ẹ̀ka igi sí àárín ọgbà kí ọmọ lè fara pamọ́. Ẹ wá lóṣòó síbẹ̀ bí Òṣómàáló tó wá gbowó.

Wọ́n á jà. Adìẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò radìẹ. Bí ọjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́ ṣe máa rí nìyẹn. Kí àgbébọ̀ ṣá ọmọ lórí lẹ́ẹ̀kan kó sì máa bá tirẹ̀ lọ, ó tọ́. Ó ń fi ipò hàn án ni. Kó lé e díẹ̀ kó padà, ó tọ́. Kó lé e yí ọgbà ká láì dúró, kó gun ẹ̀yìn rẹ̀, kó máa fa ìyẹ́ orí rẹ̀ tu, tàbí kí ẹ̀jẹ̀ jáde, ìyẹn kò tọ́. Ẹ dìde.

Ta ni kẹ́ ẹ yọ? Gbogbo ènìyàn ló ń yọ ọmọ tí wọ́n ń lù. Bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá dá a padà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, àlejò ló tún dà, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń lù lẹ máa yọ. Àgbébọ̀ kan wà lọ́dọ̀ mi tí àwọn ọmọ ilé ń pè ní Ìyálóde. Òun nìkan ló ń dá gbogbo rògbòdìyàn sílẹ̀. Àwọn tó kù kàn ń tẹ̀lé e ni. Mo dé e mọ́ abẹ́ agbọ̀n lẹ́yìn ilé ìdáná, níbi tí kò ti rí agbo, pẹ̀lú oúnjẹ àti omi, fún ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà tó padà, ẹlòmíràn ti gba àga rẹ̀. Bó ṣe ń wá bó ṣe máa tún ara rẹ̀ ṣe, kò ráyè fún òròmọdìẹ mọ́.

Ọmọ tó bá ti fẹ̀jẹ̀ ni kẹ́ ẹ mú sọ́tọ̀ o. Pupa máa ń fa ẹnu adìẹ mọ́ra, wọ́n á ṣá a dé egungun. Ẹ fi omi iyọ̀ lílọ́ wọ́ọ́rọ́ nu ojú egbò, ẹ kun GV sí i kí àwọ̀ pupa náà bò, ẹ fi í sínú àgọ́ níbi tó ti ń rí àwọn yòókù títí yóò fi gbẹ.

Àkùkọ àgbà kì í sábà ní wàhálà. Tèmi a máa là wọ́n níjà. Àwọn tó bá jẹ́ akọ nínú àwọn ọmọ lẹ máa ṣọ́, láti bí oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún, nígbà tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ.

Wákàtí kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́, méjì lọ́jọ́ kejì, kẹ́ ẹ máa fi kún un. Ọmọ á ṣì máa sùn ní àgọ́.

Àyẹ̀wò: lálẹ́, ẹ gbé ọmọ kọ̀ọ̀kan, ẹ fọwọ́ tẹ àpò oúnjẹ tó wà nísàlẹ̀ ọ̀fun rẹ̀. Ó yẹ kó kún bí ọsàn wẹ́wẹ́. Èyí tí tirẹ̀ bá rọ̀ jọ̀gbọ̀lọ̀, wọn kò jẹ́ kó jẹun lójúmọ́ yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní àpá kankan lára. Ẹ fi abọ́ kan kún un, kẹ́ ẹ gbé e jìnnà.

6. Kí wọ́n jọ sùn

Bí gbogbo ọjọ́ bá ti ń lọ láìsí ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ìgbà yìí gan-an ni ọgbọ́n òru tó já mi kulẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá wúlò. Wọ́n ti mọ ara wọn; ibùsùn ló kù. Igi tí wọ́n ń bà lé gbọ́dọ̀ fún adìẹ kọ̀ọ̀kan ní íńṣì 8 sí 10, kó sì ju ẹyọ kan lọ, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Àwọn àgbà á gba tòkè. Lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti ṣú pátápátá, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò pọ̀ gbé àwọn ọmọ sórí igi ìsàlẹ̀.

Ẹ dìde ṣáájú wọn. Ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ ṣí bí ojú sánmà bá ti ń funfun, torí inú ilé títì láàárín ìmọ́lẹ̀ àkọ́kọ́ àti ìgbà tí ẹ bá jí ni wọ́n ti ń pa ọmọ. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Àwọn ọmọ kan á kọ igi, wọ́n á fẹ́ sùn nínú àpótí ìyẹ́yin. Ẹ fi pákó dí i nírọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ ṣí i láàárọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹyin yín á máa kún fún ìgbẹ́. Tó bá ní òpìpì nínú wọn, ẹ gbé igi tirẹ̀ sún mọ́lẹ̀. Kò ní ìyẹ́ tó máa fi fò.

Àyẹ̀wò: ní alẹ́ ọjọ́ keje, ẹ má fọwọ́ gbé ẹnikẹ́ni. Ẹ dúró kí wọ́n wọlé fúnra wọn, kẹ́ ẹ tan tọ́ọ̀ṣì ka orí wọn. Bí iye wọn bá pé, tí kò sí èyí tó padà lọ dúró lẹ́nu àgọ́ àtijọ́, ẹ tú àgọ́ náà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ fọ àwọ̀n rẹ̀, ẹ sá a sóòrùn kí ó gbẹ dáadáa kẹ́ ẹ tó ká a sókè àjà, kó má baà dípẹtà.